Kọ́ọ̀ṣì kọ́ ló yẹ kó máa ra ọmọ lẹ́sẹ̀

Ẹ kú aájò ọmọ, Màmá. Ohun tí ẹ béèrè ni pé ọmọ yín obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ń kọ́ eré sísá lọ́dọ̀ kọ́ọ̀ṣì kan. Lẹ́yìn eré, kọ́ọ̀ṣì yìí a máa fi Aboniki ra á nítan, inú yàrá tí wọ́n ń kó ẹrù eré sí ló sì ti ń ṣe é. Ọmọ ti wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé inú ń run òun ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì tí eré bá wà. Ẹ ní ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, àbí ẹ̀yin lẹ̀ ń rò ó jù.

Ẹ ò rò ó jù rárá. Mo sáré họ́dù, ìyẹn eré tí wọ́n ti ń fo igi ìdènà kọjá, nígbà tí mo wà nílé ìwé girama n'Íbàdàn, èmi náà ló sì ń kọ́ àwọn ọmọ lónìí. Mo ti jẹ́ ọmọ tí ọwọ́ àgbà ń kan lára, mo sì ti di àgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ń kan ọmọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo mọ̀.

Kò sí bí wọ́n ṣe lè kọ́ ọmọ ní eré ìdárayá tí ọwọ́ ò ní kan ara rárá. Ọmọ tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tàkìtì gbọ́dọ̀ rí ẹni gbé ọwọ́ sábẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, kó má baà fi ọrùn balẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, wọ́n á gbé e dúró lórí omi. Ọmọ tó bá fi họ́dù ṣubú, ta ló máa dúró máa wò ó? Ṣùgbọ́n gbangba ni gbogbo ìyẹn ti ń ṣẹlẹ̀, kì í pẹ́ tó fi ń parí, ọmọ náà sì mọ ohun tí ọwọ́ yẹn wá ṣe. Bó bá ti ṣe é tán, ọwọ́ á kúrò.

Ẹ jẹ́ ká mú búlọ́ọ̀kù tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tì kí wọ́n tó gbéra, torí ibẹ̀ làwọn kọ́ọ̀ṣì ti máa ń bínú pé wọn ò fẹ́ ká ṣiṣẹ́ wa. Tí wọ́n bá ní kí ọmọ múra sílẹ̀, ìbàdí rẹ̀ ní láti ga ju èjìká rẹ̀ lọ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kì í gbé e sókè tó. Àwọn míì á gbé e débi tí wọ́n á fẹ́ fi orí lélẹ̀. Ẹni tó kọ́ mi, ẹ̀yìn ọmọ ló máa ń dúró sí tí á fi ọwọ́ méjèèjì di ìbàdí rẹ̀ mú. Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pá ìgbálẹ̀ kan wà nínú àpò mi tó ti já ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Màá nà án gbọọrọ sókè ẹ̀yìn ọmọ, níbi tó yẹ kí ìbàdí rẹ̀ dé gẹ́lẹ́, màá ní, "Gbé e wá kan ọ̀pá." Òun fúnra rẹ̀ ló máa wá ibẹ̀ rí. Kí n sì tún sọ fún yín, ọmọ tó fara rẹ̀ wá a rí kì í gbàgbé rẹ̀ bí èyí tí wọ́n fi ọwọ́ tò bí àga.

Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tí wọ́n ń gbé kọjá họ́dù ni, wọ́n á fọwọ́ ti ògiri, ọmọbìnrin kan tó ti mọ̀ ọ́n ṣe á máa ṣe é wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ níwájú wọn. Tí kò bá tíì yé ẹnì kan, ìgbà yẹn ni màá tó sọ pé, "Mo fẹ́ di orúnkún ẹ mú kí n gbé e síta, ṣé kí n ṣe é?" Màá sì dúró gbọ́ èsì. Ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀ṣì máa ń béèrè o, àmọ́ ọwọ́ wọn ti débẹ̀ kí ẹnu tó béèrè. Orúnkún, ọrùn ẹsẹ̀, èjìká, ìgbọ̀nwọ́, mo lè fi ìwọ̀nyí kọ́ ọmọ títí tó fi máa sáré fún orílẹ̀-èdè. Inú itan, àyà, ìdí, abẹ́ ikùn, kò sí nǹkan tí eré sísá fẹ́ fi ọwọ́ mi ṣe níbẹ̀.

Wàyí o, Aboniki. Iṣan ẹ̀yìn itan tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà, wọn kì í fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, wọn kì í fi ohun gbígbóná ra á láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́, torí ẹ̀jẹ̀ lè ṣì máa dà nínú iṣan náà. Omi dídì tí wọ́n fi aṣọ wé ni wọ́n ń gbé lé e. Wọ́n á fi báńdéèjì dì í, wọ́n á gbé ẹsẹ̀ lé nǹkan tó ga, ọmọ á sinmi. Tó bá sì jẹ́ àárẹ̀ lásán ni, ọmọ ọdún mẹ́tàlá tó bá rìn yí pápá ká, tó mumi, tó jẹun, tó sùn dáadáa, kò nílò kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ nítan. Nítorí náà kọ́ọ̀ṣì tó ń sáré gbé Aboniki jáde, kò tiẹ̀ tíì tọ́jú ọmọ. Físíò tó kọ́ṣẹ́, ìyẹn oníṣẹ́ ìlera tó ń tọ́jú iṣan àti eegun, ló ni iṣẹ́ ìfọwọ́ra, níta gbangba, pẹ̀lú tówẹ́ẹ̀lì lára ọmọ, kí òbí tàbí obìnrin àgbà kan wà níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin àjọ ìlúwẹ̀ẹ́ wọn ni pé kọ́ọ̀ṣì ò gbọ́dọ̀ ra ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, ì báà jẹ́ pé ó ní ìwé àṣẹ iṣẹ́ ìfọwọ́ra lọ́wọ́.

Èmi náà mọ yàrá ẹrù. Bàtà onísípáíkì ni kọ́ọ̀ṣì wa kọ́kọ́ rà fún mi, nígbà tí bàbá mi ò lágbára rẹ̀. A máa pè mí ní "ìyàwó mi" níwájú gbogbo èèyàn, wọ́n á rẹ́rìn-ín, ìyá mi gan-an á rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìgbà tèmi sẹ́yìn, kí àwọn tó kù ti máa lọ sílé kó tó ní kí n sáré kẹ́yìn. Ẹ̀yìn ẹsẹ̀, nísàlẹ̀ orúnkún, ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Aboniki ra mí. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, ọwọ́ ń gòkè. Ohun tí mi ò tíì gbàgbé ni pé ọ̀rọ̀ eré ló máa ń bá mi sọ ní gbogbo àsìkò yẹn: bí mo ṣe pẹ́ lórí họ́dù kẹta, bó ṣe yẹ kí n ju apá mi. Ohùn rẹ̀ ò yí padà rárá, bí ẹni pé ọwọ́ yẹn kì í ṣe tirẹ̀. Mo wá ń bi ara mi pé bóyá èmi ni mo ní èrò burúkú.

Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi, ó lọ sílé ìwé. Tíṣà àgbà tó ń bójú tó eré ìdárayá gbé àga fún un, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má ba iṣẹ́ jẹ́ fún ọkùnrin náà, ó níyàwó, ó lọ́mọ, orúkọ ọmọbìnrin tèmi gan-an ló sì máa bàjẹ́ tí ọ̀rọ̀ bá jáde. Àgbà wà lọ́jà, orí ọmọ tuntun sì wọ́. Wọ́n gbé kọ́ọ̀ṣì náà lọ sí ilé ìwé míì. Àwọn ọmọbìnrin wà níbẹ̀ náà.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ ni pé tí ẹ bá ń dúró de ọjọ́ tí ọwọ́ máa dé ibi tí kò yẹ, ẹ ti pẹ́. Ẹ wo ohun tó ṣáájú: ẹ̀bùn tí wọ́n ní kí ọmọ má sọ nílé, àwàdà ìyàwó, ìkẹ́ tó ya ọmọ kan sọ́tọ̀, ìpè lórí WhatsApp lóru, gbígbé ọmọ kan ṣoṣo nínú ọkọ̀.

Ẹnì kan máa ní, òun á máa jókòó ti ọmọ òun. Ó dáa, àmọ́ ẹ fetí sí èyí. Larry Nassar, dókítà àwọn ọmọbìnrin tó ń tàkìtì ní Amẹ́ríkà, bá ọ̀pọ̀ ọmọ ṣèṣekúṣe tí ìyá wọn wà nínú yàrá kan náà. Yóò fi ara rẹ̀ dí ìyá lójú, yóò máa bá a tàkúrọ̀sọ. Ó ní ìtọ́jú ni. Láti 1997 ni àwọn ọmọ kan ti sọ ọ́ fún àgbà. Ó di 2018 kí adájọ́ tó fún un ní ẹ̀wọ̀n ọdún 40 sí 175, lẹ́yìn tí àwọn obìnrin tó lé ní 150 ti sọ tiwọn. Jíjókòó nìkan ò tó. Kí ọwọ́ tó kan ọmọ, kí ẹ̀yin àti ọmọ ti mọ ibi tó ń lọ àti ohun tó ń lọ ṣe.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bí ọkùnrin, ẹ má sùn o. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Barry Bennell tó ń kọ́ àwọn ọmọkùnrin ní bọ́ọ̀lù ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Crewe máa ń mú wọn sùn nílé ara rẹ̀, àwọn òbí sì rò pé oore ni. Ìgbà tí Andy Woodward, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó bá ṣèṣekúṣe, dàgbà tó sì sọ̀rọ̀ síta ní 2016 làwọn míì tó lẹ́nu. Ọdún 2018 ni wọ́n rán Bennell lọ sẹ́wọ̀n ọdún 30. Mélòó nínú àwọn akádẹ́mì bọ́ọ̀lù wa ni kì í ṣe ilé kọ́ọ̀ṣì làwọn ọmọ ń sùn?

Ibi tó le jù fún àwa Yorùbá ni pé a ti kọ́ ọmọ pé kì í kọ̀ fún àgbà. Kọ́ọ̀ṣì ni "Daddy", ó ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀, ẹ wá fẹ́ kó dìde lọ́jọ́ kan kó sọ pé "ẹ gbọ́wọ́ kúrò". Kò lè ṣeé ṣe, ìtìjú ò ní jẹ́. Nítorí náà mo fún àwọn ọmọ mi ní gbólóhùn kan tí kò ní àfojúdi nínú: "Kọ́ọ̀ṣì, ẹ jọ̀ọ́, màá ṣe é fúnra mi." A máa ń dánra wò pẹ̀lú rẹ̀ nígbà tí a bá ń na ara kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Màá ní kí n bá ọ so okùn bàtà, wọ́n á pariwo rẹ̀ lé mi lórí, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Ọmọ kan wà tí kì í sábà sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan mo fẹ́ tọ́ èjìká rẹ̀ sọ́nà, ó wo ilẹ̀, ó sọ gbólóhùn yẹn wúyẹ́wúyẹ́. Mo ki ọwọ́ bọ àpò, mo ní ó dáa, gbé e sílẹ̀ díẹ̀ fúnra ẹ. Mi ò bi í nídìí, kò sì pọn dandan kí n mọ̀.

Àwọn ọkùnrin kọ́ọ̀ṣì á ní, ṣé a ò tún lè dì mọ́ ọmọ tó gba góòlù ni? Tí ọmọ bá sáré wá dì mọ́ ọ níbi ìparí eré, lójú gbogbo ayé, gbà á lẹ́gbẹ̀ẹ́, pa á léjìká, fi í sílẹ̀. Ìwọ má máa ya apá wá a kiri. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí tọkàntọkàn ni òfin yìí ń gbà sílẹ̀ jù, torí ẹni tí kì í dá wà pẹ̀lú ọmọ nínú yàrá, ẹ̀sùn wo ni wọ́n fẹ́ fi kàn án?

Tí ìrìnàjò ìdíje bá dé, ẹ béèrè ta ni ọmọ máa bá sùn, obìnrin wo ló ń tẹ̀ lé wọn. Kọ́ọ̀ṣì kì í wọ yàrá ọmọ. Ó tán.

Ní tiyín, Màmá, ẹ má fi ìbínú bi ọmọ léèrè, ẹ má sì kó ìbéèrè bò ó. Nígbà tí ẹ bá jọ ń ṣa ẹ̀wà, ẹ ní kó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ra á: níbo, ta ló wà níbẹ̀, ṣé wọ́n ní kó má sọ. Ohun tó bá sọ, ẹ gbà á gbọ́, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú ọjọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ bá a lọ. Níwájú ẹlòmíì, ẹ sọ fún kọ́ọ̀ṣì pé láti òní lọ, ilé ni wọ́n á ti máa tọ́jú itan ọmọ yín, kò gbọ́dọ̀ wọ yàrá ẹrù mọ́. Kọ́ọ̀ṣì rere á ní "ó ti dáa, Mà," kò sì ní bínú. Tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í bínú pé ẹ ń fi òun pe olè, tàbí tó ní ọmọ yín ò ní lè ṣe dáadáa mọ́, ẹ fa ọmọ yín lọ́wọ́ kẹ́ ẹ máa lọ, kẹ́ ẹ sì kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ̀.

Tó bá wá hàn pé ó ti ju ìyẹn lọ, ẹ má fọ aṣọ tó wọ̀, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni pe ìpàdé ẹbí lé e lórí. Ọsibítù àti ọlọ́pàá ni. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ka ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ọmọdé, gbogbo ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù ló sì ti sọ ọ́ di òfin tiwọn. Nínú òfin àpapọ̀ yẹn, ẹ̀wọ̀n gbére ni ti ẹni tó bá bá ọmọ lò pọ̀. Ẹni tó bá bá a ṣe ìṣekúṣe lọ́nà míì, ọdún 14. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ékòó, Mirabel Centre, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí wọ́n bá ṣèṣekúṣe, ti wà ní LASUTH, ọsibítù yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkó, n'Íkẹjà láti 2013, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì ń tọ́jú èèyàn níbẹ̀.

Ẹ bá mi kí ọmọ náà. Tó bá ṣì fẹ́ máa sáré, tí ẹ kò sì jìnnà sí Ìbàdàn, ẹ sọ fún mi. Mo mọ àwọn obìnrin tó ń kọ́ni dáadáa tí wọ́n ṣì láàyè fún ọmọ.