Borough wo ni ilé yín wà gan-an? Ìdáhùn sí ìbéèrè àwọn òǹkàwé

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Orúkọ borough kan, ìyẹn ìlú tó ní máyọ̀ àti káńsù tirẹ̀, ló wà nínú àdírẹ́sì ilé tí a rà ní Pennsylvania. Mo lọ gba ìwé àṣẹ níbẹ̀ kí n lè ṣe ọgbà yí ilé náà ká, wọ́n ní ilé mi kò sí lábẹ́ àwọn. Àbí wọ́n kàn ń lé mi sẹ́yìn ni?

ÌDÁHÙN: Ó ṣeé ṣe dáadáa kó jẹ́ òótọ́ ni wọ́n sọ. Orúkọ ìlú tó máa ń bá nọ́ńbà ZIP rìn, ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ló ni ín. Bí lẹ́tà ṣe máa dé ilé ni wọ́n wò tí wọ́n fi pín in, wọn ò wo ààlà ìjọba. Ọ̀pọ̀ borough ló sì jẹ́ pé township, ìyẹn irú ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn, ló yí wọn ká. Freehold Borough ní New Jersey, fún àpẹẹrẹ, wà láàrin Freehold Township bí pupa ẹyin ṣe wà láàrin funfun rẹ̀. Orúkọ kan náà ni méjèèjì ń jẹ́, ṣùgbọ́n káńsù ọ̀tọ̀, ìṣúná ọ̀tọ̀. Àwọn ibòmíràn tún wà tó gbajúmọ̀ tí wọn ò ní ìjọba tiwọn rárá. King of Prussia nìyẹn ní Pennsylvania, tí àwọn èèyàn mọ̀ dáadáa nítorí ilé ìtajà ńlá ibẹ̀: kò ní máyọ̀, kò ní káńsù, Upper Merion Township ló ń ṣàkóso ibẹ̀.

Ohun tí ẹ máa ṣe rèé. Àjọ ìkànìyàn Amẹ́ríkà, ìyẹn Census Bureau, ní irinṣẹ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ Geocoder. Ẹ mú "Find Geographies", kí ẹ kọ nọ́ńbà ilé, orúkọ títì, ìlú àti ìpínlẹ̀ sí i. Nínú èsì tó bá gbé jáde, ẹ wo "County Subdivisions" àti "Incorporated Places". Bí orúkọ borough bá hàn lábẹ́ méjèèjì, inú borough lẹ wà. Bó bá jẹ́ township ló hàn lábẹ́ ti àkọ́kọ́, tí ẹ ò sì rí nǹkan kan lábẹ́ èkejì, ọ̀dọ̀ township ni kí ẹ ti lọ gba ìwé àṣẹ yín. Ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ lè má tíì sí nínú rẹ̀. Nígbà náà, ẹ wo ìwé owó orí ilé yín, orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tó tọ́ máa wà lára rẹ̀.

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí falẹ̀, torí owó oṣù yín náà wà níbẹ̀. Ní Pennsylvania, ọ̀pọ̀ borough àti township ló ń gba owó orí lórí owó iṣẹ́ àwọn tó ń gbé níbẹ̀, wọ́n sì sábà máa ń pín in pẹ̀lú àjọ ilé-ìwé àdúgbò. Nọ́ńbà kan tó ní dígíìtì mẹ́fà, tí wọ́n ń pè ní PSD, ló ń sọ ibi tí owó náà máa lọ: méjì àkọ́kọ́ fún àgbègbè tí wọ́n ti ń gba owó orí, méjì àárín fún àjọ ilé-ìwé, méjì ìkẹyìn fún ìjọba ìbílẹ̀. Bí àwọn tó gbà yín síṣẹ́ bá fi orúkọ tó bá ZIP rìn wá nọ́ńbà náà, owó yín lè máa bọ́ sápò ìjọba tí ẹ kò sí lábẹ́ rẹ̀, tí iye tí wọ́n ń yọ náà kò sì ní bá ti ibùgbé yín mu. Ẹ yẹ fọ́ọ̀mù "Residency Certification" tí ẹ kọ níbi iṣẹ́ wò. Bí ó bá ṣì, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní òmíràn lónìí.

ÌBÉÈRÈ: Iye ènìyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo rí fún borough kan ṣoṣo, àjọ ìkànìyàn kan náà ló sì gbé gbogbo rẹ̀ jáde. Èwo ni kí n kọ?

ÌDÁHÙN: Nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń wọ̀n. Ìkànìyàn gidi ń wáyé ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, iye àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ló sì ń sọ. Èkejì ni ìṣirò ọdọọdún tó ń wo ọjọ́ 1 oṣù keje. Ẹ̀kẹta ni American Community Survey, ìwádìí tó ń fọ̀rọ̀ wá ìwọ̀nba ilé lẹ́nu wò. Ibi tí ènìyàn ibẹ̀ kò bá tó 65,000, ọdún márùn-ún ni wọ́n ń kó pọ̀ kí wọ́n tó gbé èsì rẹ̀ jáde.

Èyí tó ń tan àwọn èèyàn jẹ jù ni ẹ̀kẹta yìí. Bí ẹ bá rí 412, tí 130 sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ààlà àṣìṣe, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé iye náà lè wà níbikíbi láàrin 282 sí 542. Ẹni tó bá wá fi 412 yìí wé 450 ti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, tó ní borough náà ti ń ṣófo, kò ní ẹ̀rí kankan lọ́wọ́. Iye ènìyàn lápapọ̀, ẹ mú un láti inú ìkànìyàn. Owó tó ń wọlé fún àwọn ará ibẹ̀ àti ìwé tí wọ́n kà, ẹ mú un láti inú ìwádìí, kí ẹ sì kọ ààlà àṣìṣe sí i.

Ìkànìyàn 2020 pàápàá ní ìṣòro tiẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má bàa lè fi èsì náà dá ẹnì kan pàtó mọ̀, àjọ náà mọ̀ọ́mọ̀ yí iye àwọn ibi kéékèèké padà díẹ̀, wọn ò sì fọwọ́ kan àpapọ̀ ti ìpínlẹ̀. Ní Monowi, abúlé kan ní Nebraska tó jẹ́ obìnrin kan ṣoṣo ló ń gbé ibẹ̀ nígbà náà, ènìyàn méjì ni èsì náà kọ. Ní State College, borough ńlá kan ní Pennsylvania, ìyípadà bẹ́ẹ̀ kò lè hàn. Ní borough tí kò ní tó ọgọ́rùn-ún ènìyàn, ó ń hàn kedere.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ènìyàn ṣe fún pọ̀ tó níbì kan, ilẹ̀ nìkan ni kí ẹ fi pín iye wọn, ẹ yọ odò kúrò. Ènìyàn 1,500 lórí ilẹ̀ tó jẹ́ 0.6 máìlì onígun mẹ́rin jẹ́ 2,500 fún máìlì kan, tàbí nǹkan bíi 965 fún kìlómítà onígun mẹ́rin kan.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé tí borough bá ti tóbi, ó ti di city nìyẹn?

ÌDÁHÙN: Rárá. Òfin tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ ló ń sọ ọ́ di ohun tó jẹ́. State College ní Pennsylvania ní ènìyàn tó lé ní 40,000, borough ni. Parker, ní ìpínlẹ̀ yẹn kan náà, kò tó 1,000, city ni.

ÌBÉÈRÈ: Kòtò ńlá kan wà níwájú ilé wa. Mo kọ̀wé sí máyọ̀, ó ní kì í ṣe iṣẹ́ òun. Kí wá ni iṣẹ́ rẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ní borough Pennsylvania, káńsù ló ni agbára. Àwọn ló ń ṣe ìṣúná, tí wọ́n ń gbani síṣẹ́, tí wọ́n sì ń bójú tó títì. Ibi tí wọn ò bá pín borough sí wọ́ọ̀dù, ènìyàn méje ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Máyọ̀ ń darí ọlọ́pàá, bí borough náà bá ní tirẹ̀, ó sì ń dìbò nígbà tí ìbò bá dọ́gba nìkan. Ó lè kọ̀ láti fọwọ́ sí òfin, ṣùgbọ́n tí márùn-ún nínú méje bá dúró lórí rẹ̀, òfin náà ti múlẹ̀. Ní New Jersey, kánsẹ́lọ̀ mẹ́fà àti máyọ̀ kan ló wọ́pọ̀ ní borough, máyọ̀ ibẹ̀ náà kì í sì í dìbò àyàfi kí ìbò dọ́gba.

Kí ẹ tó kọ lẹ́tà mìíràn, ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ni títì yẹn. Ọ̀pọ̀ títì tó gba àárín borough kọjá, ìpínlẹ̀ ló ni wọ́n. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ títì bóyá ẹ máa rí pátákó funfun kékeré kan tí nọ́ńbà méjì wà lórí rẹ̀: nọ́ńbà títì ló wà lókè, nọ́ńbà abala rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Bí ẹ bá rí i, ti PennDOT ni, ìyẹn àjọ tó ń bójú tó títì ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Ẹ pe 1-800-FIX-ROAD, kí ẹ sì ka nọ́ńbà méjèèjì fún wọn. Ẹ má kàn sọ pé "iwájú ilé wa," wọn ò ní rí i. Bí kò bá sí pátákó, ẹ kọ̀wé sí akọ̀wé borough tàbí alábòójútó rẹ̀, kí ẹ sì dé ìpàdé káńsù, torí òfin fún ará ìlú láàyè láti sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ló fọ́, ẹ wo òfin borough yín kí ẹ tó fẹjọ́ sùn. Ẹni tó ni ilé ni wọ́n sábà máa ń ní kó tún un ṣe.

ÌBÉÈRÈ: Ǹjẹ́ borough lè parẹ́?

ÌDÁHÙN: Ó lè ṣẹlẹ̀. Centralia ní Pennsylvania, níbi tí iná ti ń jó nínú ihò èédú lábẹ́ ilẹ̀ láti 1962, ní ju 1,000 ènìyàn lọ nígbà kan rí. Ìkànìyàn 2020 bá márùn-ún níbẹ̀, nọ́ńbà ZIP rẹ̀ sì ti di fífagilé láti 2002. Ní New Jersey, Pine Valley, tí pápá gọ́ọ̀fù gba èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ rẹ̀, darapọ̀ mọ́ Pine Hill ní 2022. Kì í sábà rọrùn bẹ́ẹ̀. Ní 1996, Princeton Township fẹ́ kí òun àti Princeton Borough di ọ̀kan, borough ló kọ̀. Ìdìbò oṣù kọkànlá ọdún 2011 ni àwọn ará méjèèjì tó gbà, wọ́n sì di Princeton kan ṣoṣo ní ọjọ́ 1 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2013. Ètò ìjọba borough ni wọ́n ṣì ń lò.