Ẹ má ya áàtì rédíò yín sọ́tọ̀

Ẹ̀gbọ́n wa tó béèrè láti Apẹ̀tẹ̀ bóyá kí wọ́n ri irin áàtì tuntun (irin tí iná ń gbà wọlẹ̀) fún rédíò tí wọ́n fi ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ lójú afẹ́fẹ́, kó dá dúró, kí ariwo iná ilé má baà wọ inú rẹ̀: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Mo ṣe é rí, rédíò mi kan ló bá a lọ.

Mọ́kọlá ní Ìbàdàn ni mò ń gbé, yàrá òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni rédíò mi wà. Áàtì ilé wà níwájú, lábẹ́ mítà. Mo ri tèmi sẹ́yìnkùlé, mo so wáyà rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rédíò. Lóṣù kẹta, òjò àkọ́rọ̀ dé, àrá sán lu igi máńgòrò kan ní ojúlé kẹta sí wa. Kò kan áńtẹ́nà mi. Mo tilẹ̀ ti yọ ọ́. Púlọ́ọ̀gì nìkan ló ṣì wà nínú súkẹ́ẹ̀tì. Síbẹ̀, ẹ̀rọ tó ń fún rédíò ní 13.8 volt jóná, òórùn gba gbogbo ilé, rédíò náà ò sì tàn mọ́.

Bí àrá bá wọlẹ̀, agbára iná ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé àti ti iwájú ilé kì í dọ́gba mọ́; ìyàtọ̀ wọn lè tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún volt. Iná á wá ọ̀nà láti ibi irin kan lọ sí èkejì. Ọ̀nà tí èmi fọwọ́ ara mi là fún un ni inú rédíò, kó gba súkẹ́ẹ̀tì kọjá lọ sábẹ́ mítà.

Ní báyìí, wáyà bàbà 16mm² ló so irin méjèèjì pọ̀, mo gbẹ́ kòtò rẹ̀ yí ẹ̀gbẹ́ ilé ká. Níbi tí coax, ìyẹn wáyà áńtẹ́nà, ti ń wọlé, mo kan bàbà pẹlẹbẹ kan mọ́ ògiri. Arrestor (èyí tó ń darí iná àrá láti orí coax lọ sílẹ̀), rédíò, ẹ̀rọ 13.8, olúkúlùkù ló ní wáyà tirẹ̀ dé orí bàbà yẹn. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó so ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí ẹlẹ́tíríṣíánì tó mọṣẹ́ wọn áàtì ilé yín wò. Nínú ilé tí mo kọ́kọ́ háyà, wáyà áàtì inú súkẹ́ẹ̀tì kò dé ibì kankan.

Irin ẹsẹ̀ bàtà 8 ni kí ẹ rà. Lọ́dọ̀ wa níbí, ẹsẹ̀ bàtà 3 péré lo ti kan àpáta. Ẹ má gé e o! Ẹ jẹ́ kó wọlẹ̀ ní ìdagun, tàbí kí ẹ gbẹ́ kòtò tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 2 àbọ̀ kí ẹ tẹ́ ẹ síbẹ̀. Ẹ̀yìn balùwẹ̀ ni tèmi wà, níbi tí omi ìwẹ̀ ń gbà, torí ilẹ̀ tó gbẹ lásìkò ọyẹ́ kì í gba iná dáadáa. Wọ́n á ní kí ẹ da iyọ̀ sí i. Iyọ̀ a máa jẹ bàbà.

Bó bá jẹ́ pé iná rédíò ló ń gba máíìkì jó yín létè bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀, áàtì kọ́ ni oògùn rẹ̀. Wáyà tèmi láti òkè dé ilẹ̀ tó mítà 5. Ní 14 MHz, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin gígùn ìgbì rédíò, orí wáyà náà á wá ṣe bíi pé kò kanlẹ̀ rárá. Ferrite, òrùka tó ń dí iná rédíò lọ́nà lára wáyà, tí mo ká coax mọ́ ló wo tèmi sàn.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, bí òjò bá ti ṣú, mo ṣì ń yọ coax àti púlọ́ọ̀gì, mo sì ń ti ẹnu coax náà síta fèrèsé.