Wọ́n Ní Àbúrò Mi Fi Ìka Oníìka Ṣe SIM: Báwo Lẹjọ́ Yìí Ṣe Ń Parí ní Kóòtù?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, lọ́yà wa. Kubwa la wà níbí. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 22, abẹ́ agboòrùn létí ọjà ló ti ń ta SIM. Obìnrin kan wá ṣe welcome back (kó lè gba nọ́ńbà ẹ̀ àtijọ́ padà) lọ́dọ̀ ẹ̀, àbúrò mi ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò lọ, kó tún ìka tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ìka kejì yẹn ló fi forúkọ SIM míì sílẹ̀ tó tà ní ₦2,000 fún ẹnì kan tí ò mọ̀ rí. Ẹni yẹn fi nọ́ńbà náà lu èèyàn ní jìbìtì ₦180,000, orúkọ obìnrin yẹn ló sì jáde. Wọ́n ti gba bélì àbúrò mi, wọ́n sì ti gbé fáìlì lọ kóòtù májísíréètì, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa débẹ̀. IPO, ọlọ́pàá tó ń wádìí ẹjọ́ náà, ní kí n mú ₦200,000 wá kóun pa fáìlì, tí n ò bá rówó, kí ọmọ náà ṣáà sọ pé òun jẹ̀bi, pé fáìn lásán ni. Àwọn àgbà wa ní ká lọ bẹ obìnrin náà. Ẹ jọ̀ọ́, èwo la máa ṣe? — Ìyá Ìbejì, Kubwa

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ, Ọlọ́run á kó wa yọ. Ẹ má mú kọ́bọ̀ lọ fún IPO yẹn o. Fáìlì tó ti dé kóòtù ti kúrò lọ́wọ́ ẹ̀, kí ló fẹ́ pa níbẹ̀? Ẹ fowó yẹn wá lọ́yà, tí ò bá sì sówó, ẹ lọ bá Legal Aid Council, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń gbẹjọ́ rò fún ẹni tí ò lówó.

Ohun tó já mi láyà jù nínú lẹ́tà yín ni "kó ṣáà sọ pé òun jẹ̀bi" yẹn. Mo ti jókòó ní kóòtù tó ti ṣẹlẹ̀ lójú mi: rẹjísírà ka ẹ̀sùn lóyìnbó wàrà-wàrà, ọmọ náà ń wo sílípáàsì ẹsẹ̀ ẹ̀, wọ́n ní ṣé ó yé e, ó mi orí, wọ́n ní ṣé ó jẹ̀bi, ó ní "yes sir", ó tán. Ìyá ẹ̀ tó jókòó lẹ́yìn ṣì ń bi mí ìgbà tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́. Fáìn lè jẹ́ fáìn lóòótọ́, àmọ́ orúkọ ọ̀daràn ti lẹ̀ mọ́ ọn nìyẹn. Abala 36 nínú òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 sọ pé kí wọ́n ṣàlàyé ẹ̀sùn fún un lédè tó gbọ́, kí wọ́n sì fún un ní ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, torí náà tó bá jẹ́ Yorùbá ló yé e dáadáa, kó lanu sọ ọ́. Kó sì sọ pé òun ò jẹ̀bi títí lọ́yà á fi rí fáìlì. Irọ́ kọ́ nìyẹn, ohun tó ń sọ ni pé kí ìjọba kó ẹ̀rí ẹ̀ wá.

Lọ́yà á kọ́kọ́ wo òfin tí wọ́n kọ sínú ẹ̀sùn. Tó bá jẹ́ Penal Code (òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ń lò ní Abuja), abala 321 àti 324, ìyẹn kéèyàn pe ara ẹ̀ ní ẹlòmíì láti fi rẹ́ni jẹ, májísíréètì lè gbọ́ ọ. Àmọ́ tó bá jẹ́ abala 22 Cybercrimes Act ọdún 2015 (òfin ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ ayélujára) ni, Federal High Court nìkan ló láṣẹ sí i. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò tiẹ̀ béèrè. Á tún béèrè ẹni tó ni fóònù tí wọ́n fi forúkọ sílẹ̀, àti bóyá ọ̀gá ẹ̀ náà ń lò ó.

Ẹ̀bẹ̀ tí àwọn àgbà sọ yẹn, ẹ lọ, ẹ lọ dáadáa, torí orúkọ obìnrin yẹn ni wọ́n bà jẹ́, tí wọ́n ń pè é ní gbájúẹ̀ níbi tó ti jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ má gbàgbé ẹni tí ₦180,000 lọ lọ́wọ́ ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí lọ́yà mọ̀ sí i, kí ẹnikẹ́ni má halẹ̀ mọ́ wọn, torí ìdáríjì inú pálọ̀ ò parí ẹjọ́ tó ti di ti ìjọba, iwájú adájọ́ ni wọ́n ti máa sọ ọ́, adájọ́ ló sì máa gbà tàbí kọ̀.

Ibì kan wà tó máa ń rú àwa Yorùbá lójú: kí wọ́n dáni sílẹ̀ àti kí wọ́n dáni láre, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Tí ìjọba bá fa ẹ̀sùn sẹ́yìn kí àbúrò yín tó bẹ̀rẹ̀ sí í wíjọ́ tiẹ̀, wọ́n dá a sílẹ̀ lásán ni, wọ́n ṣì lè gbé e padà wá. Ẹ má jó kúrò ní kóòtù láì bi lọ́yà pé èwo ni.

Tí ẹ̀rí bá wá dì í mú, plea bargain, ìyẹn àdéhùn lórí ẹ̀bi, wà nínú abala 270 ACJA ọdún 2015, òfin tó sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn: a jọ sọ ọ́ pẹ̀lú agbẹjọ́rò ìjọba, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ fọwọ́ sí i, a dá owó padà, adájọ́ á bi ọmọ náà bóyá ó tinú ẹ̀ wá. Ẹ̀bi ni yóò gbà níbẹ̀ o, ẹ fi sọ́kàn. Èmi ì bá kọ́kọ́ sáré lọ sí abala 454 nínú òfin kan náà, torí ibẹ̀ ni adájọ́ ti lè wo ọjọ́ orí àti ìwà ẹni tó kọ́kọ́ ṣẹ̀, kó jẹ́ kó máa lọ láì dá a lẹ́bi, àwọn lọ́yà kì í sì í tọrọ ẹ̀ tó.

ÌBÉÈRÈ: Ẹnì kan fi NIN mi ṣí àkáǹtì, ó gba jìbìtì wọ inú ẹ̀, wọ́n wá ń pè mí sí tésàn. Ṣé kí n sá ni? — Ará Lugbe

ÌDÁHÙN: Ẹ má sá rárá, ẹ mú lọ́yà dání, ẹ lọ. Ẹ ní kí wọ́n kọ̀wé sí báǹkì fún fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ṣí àkáǹtì náà, ẹ wo fọ́tò tó wà lára ẹ̀, ẹ wo sáìn ẹ̀, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, kẹ́ ẹ wá ibi tẹ́ ẹ wà lọ́jọ́ yẹn. Ẹ lọ búra àfídáfíìtì ní kóòtù, ẹ fi tó NIMC (àjọ tó ń fúnni ní NIN) àti báǹkì létí ní kíkọ, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tiyín, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà yẹn síbi tẹ́ ẹ ti lè tètè rí i.