Wọ́n mú ìyá nítorí ọmọ: èló ni owó béèlì?

Ìbéèrè: Agbẹjọ́rò, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi ọkùnrin gba owó irin lọ́wọ́ ẹnìkan, kò kó irin wá, ó sì ti sá lọ. Láti àná làwọn ọlọ́pàá ti ti màmá wa mọ́lé ní Ṣàgámù. Wọ́n ní àfi tí àbúrò mi bá yọjú, tàbí ká mú ₦80,000 wá fún béèlì. Ọkùnrin kan ní òun mọ ọ̀gá kan ní Ẹlẹ́wẹ́ran, oríléeṣẹ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ Ògùn, tó lè bá wa dín in kù. Ṣé ká san án?

Ìdáhùn: Ẹ má san kọ́bọ̀.

Gbogbo ẹni tó ń kọ irú lẹ́tà yìí sí mi, iye owó béèlì ni wọ́n máa ń bèèrè. Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn là ń gba béèlì fún. Ẹ̀sùn wo ni wọ́n fi kan màmá yín? Pé wọ́n bímọ?

Abala 7 nínú òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tọdún 2015, èyí táwa lọ́yà ń pè ní ACJA, sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀ pé a ò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni dípò afurasí. Àwọn ìpínlẹ̀ ní òfin tiwọn, ṣùgbọ́n Òfin Ọlọ́pàá 2020, tó de gbogbo ọlọ́pàá Nàìjíríà, tún ohun kan náà sọ. Mo mọ èsì tí ẹ máa gbọ́: "Bí a ò bá mú ìyá, ọmọ ò ní jáde." Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àwọn ará ilé gan-an máa ń gbè é lẹ́yìn, wọ́n á ní ẹbí ló ni ìtìjú. Nílé, bóyá. Ní téṣàn, rárá o. Ìwọ̀fà ni wọ́n fi màmá yín ṣe yẹn: ẹlòmíràn jẹ gbèsè, ẹlòmíràn ń fi ara dí i, aṣọ ìjọba ló kàn yàtọ̀. Ẹ sì wá ń bèèrè iye tí wọ́n fi ń ra ìwọ̀fà padà! Bí ẹ bá san án lónìí, ìyàwó àbúrò yín ni wọ́n máa mú lọ́la.

Gbèsè lásán pàápàá kì í ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá. Jìbìtì yàtọ̀ sí gbèsè ṣá, n kò sì tíì rí ìwé ẹ̀sùn, nítorí náà n ò lè sọ èyí tó jẹ́.

Ẹ wá lọ́yà lónìí. Bí kò bá sówó, ẹ lọ sí Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń fún aláìní ní lọ́yà. Kí lọ́yà tó dé, ẹ bèèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lọ́wọ́ DPO, ọ̀gá téṣàn náà, pé kí ni wọ́n kọ síwájú orúkọ màmá nínú ìwé ńlá orí kántà. Màmá ò gbọdọ̀ fọwọ́ tẹ ìwékíwèé tó ní àwọn á san owó náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú àwọn àgbà.

Bí wọ́n bá rí i pé ẹ mọ òfin, wọ́n lè yí ohùn padà pé màmá ló fi ọmọ pamọ́. Ó di ẹ̀sùn ti màmá fúnra wọn nìyẹn. Ìgbà náà ni abala 35 òfin orílẹ̀-èdè wúlò: màmá lè dákẹ́ títí lọ́yà á fi dé, a sì gbọ́dọ̀ gbé wọn dé ilé ẹjọ́ láàárín ọjọ́ kan bí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín 40 kìlómítà. Ilé ẹjọ́ wà ní Ṣàgámù. Béèlì téṣàn náà ò ní owó, obìnrin sì lè ṣe onídùúró. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ní ọkùnrin nìkan ni.

Ní ti ọkùnrin yẹn, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Bí Ẹlẹ́wẹ́ran bá yá, ẹ fẹsẹ̀ ara yín lọ, ẹ kọ̀wé sí kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín. Ẹ̀dà yẹn ni lọ́yà máa lò bí ẹ bá fẹ́ gba owó gbà-má-bínú ní Ilé Ẹjọ́ Gíga.

Kí àbúrò yín náà jáde, pẹ̀lú lọ́yà tirẹ̀.