Ẹ má tíì sanwó kíìtì yẹn, èyí tí kò ní àmì Nàìjíríà ni kí ẹ kọ́kọ́ wá

Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Oǹdó, ẹ kú ìfẹ́ ọkọ̀ òfurufú o. Ẹ ní ẹ̀ ń wá kíìtì, ìyẹn àwọn ègé ike inú páálí tí a ń lẹ̀ pọ̀ di ọkọ̀ òfurufú kékeré: ti L-29 Delfin tí àwọn ọmọ ogun òfurufú wa lò nígbà ogun abẹ́lé, àti MFI-9B tí Biafra lò, pé ẹnì kan lókè òkun ní kíìtì L-29 àtijọ́ kan, ṣùgbọ́n iye tó ń pè é ju owó oṣù yín lọ. Èmi náà ti san irú owó yẹn rí níbí ní Àkúrẹ́. Ojú mi rí nǹkan.

Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni pé L-29 fúnra rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n rárá. Czechoslovakia ló ṣe é, èyí tí wọ́n sì ṣe lé ní 3,000. Kíìtì tó ní àmì Nàìjíríà ló ṣọ̀wọ́n. Kí ló wá dé tí a fi ń sanwó gọbọi nítorí àwòrán tó wà lára páálí? Ẹ wá L-29 lásán. Iléeṣẹ́ kíìtì tí wọ́n ń pè ní KP ti ṣe é ní 1/72 (ìyẹn ni pé ọkọ̀ gidi fi ìlọ́po méjìléláàdọ́rin gùn jù ú lọ), iléeṣẹ́ AMK sì ṣe é ní 1/48. Ẹ wo Scalemates, ìkànnì tó ń to àwọn kíìtì sílẹ̀, kí ẹ tó ra ohunkóhun, nítorí ike tí wọ́n mọ láti inú mọ́ọ̀dù kan náà lè jáde lábẹ́ orúkọ oríṣiríṣi, kí wọ́n sì máa ta ọ̀kan ní ìlọ́po mẹ́ta èkejì. Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún mi.

Ti MFI-9B le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ̀ kékeré ará Sweden ni. Márùn-ún péré ni Carl Gustaf von Rosen, awakọ̀ òfurufú ará Sweden tó jà fún Biafra, àtàwọn ènìyàn rẹ̀ kó jáde ní 22 May 1969 nígbà tí wọ́n kọlu pápákọ̀ òfurufú Port Harcourt. Àwọn ará Jámánì náà ṣe é, Bölkow Bo 208 Junior ni wọ́n ń pè é, nítorí náà orúkọ méjèèjì ni kí ẹ fi wá a. Ìyẹ́ rẹ̀ láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó kò pé mítà mẹ́jọ; ní 1/72, bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá ni, kò tó gígùn báírò. Ẹni tí ojú rẹ̀ ò bá dáa mọ́, kó má dáwọ́ lé e.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti L-29 tèmi. Ẹni tó tà á ní ó pé. Nígbà tí mo ṣí páálí, kò sí dígí tí awakọ̀ ń gbà ríran. Mo mú àmì tí wọ́n ń rì bọ omi, tó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ. Ìgbà tí mo rì í bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ó tú sí wẹ́wẹ́, ó ń léfòó bí ìpẹ́ ẹja. Ìyàwó mi yọjú wò ó, ó ní ṣé ohun tí mo ra rèé. N kò lè dá a lóhùn.

Mo lọ sí sọ́múìlì, mo gba ẹ̀là igi arère, tí kò le lọ́wọ́. Mo gbẹ́ ẹ bíi dígí náà, mo fi sáńpépà fá a títí ó fi dán. Mo wá gé ike ìgò omi kan, mo gbé e sórí ooru iná rọra, mo sì fà á bo igi náà. Ẹ̀kẹfà ló jáde dáadáa. Márùn-ún àkọ́kọ́, ìyàwó mi ló kó wọn dànù.

Àmì Nàìjíríà kò le tó bí ẹ ṣe rò. Mo gé ihò róbótó sára tépù, mo fọ́n ọ̀dà funfun sínú rẹ̀. Nígbà tó gbẹ, mo gé òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ kan lára tépù, mo lẹ̀ ẹ́ sí àárín, mo wá fọ́n ọ̀dà aláwọ̀ ewé sí i. Ìgbà tí mo ṣí tépù, ewé wà níta, funfun tẹ̀ lé e, ewé tún wà láàárín. Kọ́ńpáàsì tí àwọn ọmọ fi ń ṣe ìṣirò ni mo fi gé e; bíléèdì ni mo dì sí ibi tí pẹ́ńsùlù ń wà.

Àmọ́ kí ẹ má lo tínà àwọn tó ń kun mọ́tò láti fi nu ọ̀dà kúrò lára ike yìí. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Bí mo ṣe tẹ aṣọ mọ́ ara ọkọ̀ náà, àtẹ̀ka mi jáde lára rẹ̀, ike náà yọ́ bí ṣókólẹ́ẹ̀tì. Àtẹ̀ka náà ṣì wà lábẹ́ ìyẹ́ òsì títí dòní. Nígbà òjò pàápàá, ọ̀dà máa ń funfun bí ẹfun tí afẹ́fẹ́ bá ti tutù jù. Nígbà ọyẹ́ sì rèé, eruku ni. Mo máa ń fọ́n ọ̀dà lọ́sàn-án, nígbà tí òòrùn bá mú, tí ilẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀.

Ohun kan tún wà: ọkọ̀ yìí ń dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, ìdí rẹ̀ ló wúwo. Tí ẹ kò bá fi ẹrù sínú imú rẹ̀ kí ẹ tó lẹ ara rẹ̀ pọ̀, yóò jókòó lórí ìrù. Mo gba òjé lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe balansíìnì táyà, èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ rímù.

Tí ẹ bá sì fẹ́ kí ẹni tó ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù bá yín gbé kíìtì, ẹ sọ fún un kó má ra gọ́ọ̀mù tàbí ọ̀dà mọ́ ọn. Ọkọ̀ òfurufú ò gbà á, iná lè mú un.

Igi arère tí mo gbẹ́ yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Tó bá jẹ́ L-29 1/72 lẹ rà, tí dígí rẹ̀ sì sọnù, ẹ kàn sọ. Àkúrẹ́ sí Oǹdó kò jìnnà.