Ṣé ọdọọdún ni a gbọ́dọ̀ máa gbin òdòdó tannápowó?

Rárá, nílẹ̀ olóoru, tannápowó (Mirabilis jalapa) tí a gbìn lẹ́ẹ̀kan lè máa hù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ní iṣu lábẹ́ ilẹ̀, nítorí náà bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá pa ewé rẹ̀, yóò tún rúwé nígbà òjò. Ní ilẹ̀ òtútù bíi Jámánì, ẹ wú iṣu náà pamọ́ sínú ilé kí yìnyín má baà pa á.

Ẹ rẹ kóró rẹ̀ sómi mọ́jú, kí ẹ gbìn ín síbi tí oòrùn ti ń ta dáadáa. Ìrọ̀lẹ́ ló ń tanná, òórùn rẹ̀ a sì máa ta sánsán dòru. Kóró àti iṣu rẹ̀ ní májèlé. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fi ṣeré rárá.