Garda, ẹ̀wọ̀n, ìmígíréṣọ̀n: ṣé lẹ́tà kan ṣoṣo sí Mínísítà lè yanjú ẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, lọ́yà wa. Blanchardstown ni mò ń gbé ní Dublin níbí. Àbúrò mi ọkùnrin ni ọ̀rọ̀ kàn. Ilé ìwé ló bá wá, àmọ́ ó ti pẹ́ tí káàdì ìmígíréṣọ̀n ẹ̀ ti kú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìjà ṣẹlẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù chips kan, Garda (ọlọ́pàá ilẹ̀ Ireland) kó wọn, àbúrò mi ní wọ́n gbá òun mọ́ ògiri, ojú ẹ̀ wú. Kóòtù ò fún un ní bélì, ó wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Cloverhill báyìí. A ò tíì sunkún ìyẹn tán tí lẹ́tà ìmígíréṣọ̀n tún fi wọlé sí àdírẹ́sì mi, pé Mínísítà ń gbèrò láti dá a padà sí Nàìjíríà. Arákùnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Minister for Justice ló ni gbogbo ẹ̀, Garda o, ẹ̀wọ̀n o, ìmígíréṣọ̀n o, pé kí n jókòó kí n kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ kan tó gùn dáadáa, kí n kó gbogbo ọ̀rọ̀ sínú ẹ̀. Ṣé kí n kọ ọ́?

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Àǹtí wa, Ọlọ́run á bá wa yọ ọ́. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dìde, ẹ lọ mú lẹ́tà ìmígíréṣọ̀n yẹn, kí ẹ wo ọjọ́ tó wà lórí ẹ̀. Ọjọ́ iṣẹ́ 15 péré ni òfin fún un láti fèsì. Sátidé ò sí níbẹ̀, Sọ́ńdè ò sí níbẹ̀, àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ ni wọ́n ti ń kà á, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ̀yin ṣí i. Tí ẹ bá fi ọ̀sẹ̀ kan sá kiri nítorí Garda, tí ẹ tún fi ọ̀sẹ̀ kan sá kiri nítorí ẹ̀wọ̀n, ìgbà tí ẹ bá máa rántí ìmígíréṣọ̀n, ó ti bọ́.

Ní ti lẹ́tà kan ṣoṣo yẹn, ẹ má kọ ọ́.

Arákùnrin yín ò parọ́ o. Ní Ireland níbí, abẹ́ ọ́fíìsì kan ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lóòótọ́, láti 2025 wọ́n ti ń pè é ní Department of Justice, Home Affairs and Migration, Jim O'Callaghan ló sì wà níbẹ̀ láti January ọdún yẹn, òun ló ń dìde dáhùn ní Dáil (ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin) tí wọ́n bá ń béèrè ọ̀rọ̀ Garda, ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n àti ọ̀rọ̀ àwa àlejò. Kò rí bíi tilé. Ní Nàìjíríà, Mínísítà ètò ìdájọ́ náà ni Attorney-General, àmọ́ ẹ̀wọ̀n àti ìmígíréṣọ̀n wà lábẹ́ Mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, ọlọ́pàá sì wà láyè tiẹ̀. Níbí, Attorney General, ẹlòmíì ni. Ohun tí arákùnrin yín ò sọ ni pé ọwọ́ Mínísítà ò gùn bákan náà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹjọ́ tó wà lọ́wọ́ Garda, kò lè fọwọ́ kàn án. Ẹ̀wọ̀n, ó ní agbára níbẹ̀, àmọ́ agbára yẹn ò kan ẹni tí wọn ò tíì dá lẹ́jọ́. Ìmígíréṣọ̀n ni iṣu àti ọ̀bẹ ti wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nínú irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, mo ti rí i lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa ju bó ṣe yẹ lọ, ìfẹ́ ni wọ́n fi kọ ọ́, àmọ́ ẹ wo ohun tó wà nínú ẹ̀: "Òótọ́ ni pé àbúrò mi jà, inú ló bí i, àmọ́ Garda náà lù ú." Ẹ ti bá a jẹ́wọ́ ẹjọ́ tí adájọ́ ò tíì gbọ́ nìyẹn. Ẹ sì ti fi ìjẹ́wọ́ yẹn sínú fáìlì ìmígíréṣọ̀n, níbi tí òfin ti ní kí Mínísítà wo ìwà àti ìṣe ẹni náà kó tó pinnu. Garda tó gbá a mọ́ ògiri ńkọ́? Kò sí ohun tó máa ṣe é, torí kì í ṣe ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú Garda. Ìjọba ló ń yan Commissioner tó jẹ́ ọ̀gá wọn pátápátá, Justin Kelly ló wà níbẹ̀ láti September 2025, Mínísítà lè pè é kó wá ṣàlàyé, ó lè gbé òfin lọ sí Dáil, ó lè wá owó fún wọn. Àmọ́ kò lè sọ pé ẹ mú lágbájá, ẹ fi tàmẹ̀dò sílẹ̀. Tó bá di pé kí wọ́n gbé èèyàn lọ sí kóòtù tàbí kí wọ́n fi ẹjọ́ sílẹ̀, ìpinnu Director of Public Prosecutions nìyẹn, òfin 1974 sì ti yọ ọ́ kúrò lábẹ́ òṣèlú. Tí ẹ bá kọ̀wé pé kí Mínísítà bá yín dá sí i, èsì tí wọ́n máa kọ padà ni pé àwọn ò lè dá sí ẹjọ́ tó wà níwájú kóòtù. Ìyà sì ti jẹ ìlú yìí kí Mínísítà àti Garda tó wá jìnnà síra wọn tó báyẹn. Ní May 2014, Alan Shatter tó jẹ́ Mínísítà nígbà yẹn fi ipò sílẹ̀ nígbà tí ariwo pọ̀ lórí bí wọ́n ṣe gbọ́ ẹ̀sùn tí Garda kan fi kan àwọn Garda ẹgbẹ́ ẹ̀ (ilé ẹjọ́ tó ga jù padà sọ ní 2019 pé ẹni tí ìjọba ní kó ṣèwádìí ọ̀rọ̀ náà ò gbọ́ tẹnu Shatter bó ṣe yẹ). Lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n dá Policing Authority, àwọn tó ń ṣọ́ iṣẹ́ Garda, sílẹ̀ ní January 2016. Ní April 2025, òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Fiosrú, ọ́fíìsì tó ń gbọ́ ẹ̀sùn tí èèyàn bá fi kan Garda, sì gba ipò GSOC tó ti ń ṣe iṣẹ́ yẹn láti 2007.

Fiosrú yẹn lẹ máa lọ. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ lè ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí kí ẹ fi póòsì ránṣẹ́, ẹ̀yin náà lè bá a ṣe é tó bá fọwọ́ sí i, ẹ má sì jẹ́ kó ju ọdún kan lọ sí ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Ọdún kan pọ̀, ìyẹn ni mi ò ṣe ní kí ẹ sáré. Kí lọ́yà tó ń gba ẹjọ́ ìjà yẹn kọ́kọ́ ka gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ kọ, torí ọ̀rọ̀ tó bá jáde níbẹ̀ lè padà wá bá a ní kóòtù.

Ẹ̀rí ni kì í dúró deni. Ní gbogbo station, Garda kan máa ń wà tí wọ́n ń pè ní member in charge, òun ni alábòójútó ẹni tí wọ́n bá mú wọlé, òun ló sì ń kọ custody record. Ìwé yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè. Aago tí wọ́n mú un dé wà níbẹ̀, ìgbà tó ní kí wọ́n pe lọ́yà wà níbẹ̀, tí ojú ẹ̀ bá wú nígbà tó wọlé ó yẹ kí wọ́n kọ ọ́, tí dókítà bá wá, aago tó dé àti aago tó lọ, gbogbo ẹ̀ ló yẹ kó wà níbẹ̀. Tí ìwé bá ní ara ẹ̀ dá nígbà tó wọlé, tí nọ́ọ̀sì Cloverhill tó yẹ̀ ẹ́ wò wá kọ pé ojú ẹ̀ wú, ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn ń sọ. Lọ́yà ẹ̀ ló máa béèrè ìwé méjèèjì. Ẹ̀yin, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù chips yẹn lónìí, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé fún wọn pé kí wọ́n má pa fídíò alẹ́ ọjọ́ yẹn rẹ́, torí kámẹ́rà ṣọ́ọ̀bù, kì í pẹ́ tó fi ń pa ti àtijọ́ rẹ́ fúnra ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n. Àwọn èèyàn máa ń gbọ́ pé Mínísítà lè fi ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀ kí ọjọ́ ẹ̀ tó pé, òótọ́ ni, temporary release ni wọ́n ń pè é, láti òfin 1960 ló ti wà, àwọn Irish Prison Service ló sì ń bá a ṣe é. Ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́jọ́ tí wọ́n ti ka ẹ̀wọ̀n fún nìyẹn o. (Àwọn tó ń ṣe ẹ̀wọ̀n gbére náà, Parole Board ló ń pinnu tiwọn láti 2021, Mínísítà ti kúrò níbẹ̀.) Àbúrò yín ò tíì jẹ̀bi ohunkóhun, adájọ́ ló ní kó lọ dúró ní Cloverhill, adájọ́ nìkan ló lè ní kó jáde. Tí District Court bá ti kọ bélì, High Court ló kàn. Ibí yìí gan-an lẹ ti wúlò jù. Adájọ́ á fẹ́ mọ ibi tó máa sùn, ẹni tó máa dúró fún un, àti bóyá ó máa sá. Kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilé yín ló máa wà, kí ẹ múra láti wá sọ ọ́ lẹ́nu ní kóòtù, tí ẹ bá máa ṣe onídùúró, owó yẹn gbọ́dọ̀ wà ní àkáǹtì yín, kó ti pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, kí ìwé báǹkì lè fi hàn pé owó yín ni. Pásípọ́ọ̀tù ẹ̀, kí lọ́yà ti mú un dání.

Tí wọ́n bá ń fìyà jẹ ẹ́ nínú ọgbà, kó kọ́kọ́ kọ ẹ̀sùn sí Governor (ọ̀gá ọgbà ẹ̀wọ̀n), ó lè ní òun fẹ́ rí Visiting Committee, àwọn ará ìta tó ń bẹ ọgbà wò, ó sì lè kọ̀wé sí Inspector of Prisons, òṣìṣẹ́ ẹ̀wọ̀n ò gbọdọ̀ ṣí lẹ́tà yẹn. Àwọn tó wà lẹ́wọ̀n nílẹ̀ yìí ti ju 5,000 lọ, bẹ́ẹ̀dì ò kárí, àwọn kan ń sùn sórí mátírẹ́ẹ̀sì nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó dùn mí pé bó ṣe rí nìyẹn, nítorí náà tó bá ní òun ò rí oorun sùn, kì í ṣe àṣejù. Kí ẹ tó lè bẹ̀ ẹ́ wò, òun ló máa fi orúkọ yín sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀yin á wá gba àyè sílẹ̀, ẹ mú ìwé ìdánimọ̀ tó ní fọ́tò dání. Ẹ má bá a sọ ọ̀rọ̀ ìjà yẹn lórí fóònù ẹ̀wọ̀n rárá. Wọ́n lè gba ohùn yín sílẹ̀.

Ó wá ku ìmígíréṣọ̀n, ibi tí iṣẹ́ wà. Lẹ́tà tó wọlé yẹn, section 3 ti Immigration Act 1999 ni wọ́n fi kọ ọ́. Kì í ṣe ìwé ìdápadà fúnra ẹ̀, wọ́n ń béèrè ni. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà níbẹ̀: kó fúnra ẹ̀ lọ, kó gbà pé kí wọ́n dá òun padà, tàbí kó sọ ìdí tí wọn ò fi gbọdọ̀ ṣe é. Òfin ka ohun 11 tí Mínísítà gbọ́dọ̀ wò, ọjọ́ orí ẹ̀, iye ọdún tó ti lò níbí, ìdílé ẹ̀, bí ìlú yìí ṣe so mọ́ ọn tó, iṣẹ́ tó ti ṣe, iṣẹ́ tó lè rí, ìwà ẹ̀, ọ̀rọ̀ àánú, àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí lẹ́tà yín dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀rí wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀bẹ̀ nìkan ò lè ṣe é. Tó bá jẹ́ pé òun ló ń lọ mú àwọn ọmọ yín ní ilé ìwé, kí ilé ìwé kọ ọ́. Tí pásítọ̀ bá fẹ́ kọ̀wé, kó sọ ohun tó fojú rí, ìgbà tó ti mọ̀ ọ́n, ohun tó ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì, kó fi àdúrà sílẹ̀ fún ọjọ́ Sọ́ńdè. Ẹjọ́ ìjà yẹn, ẹ má fi pamọ́, wọ́n máa rí i, àmọ́ lọ́yà ló máa kọ ọ́, pé wọ́n fẹ̀sùn kàn án, kóòtù ò tíì dá a, ó tán. Ẹ fi ránṣẹ́ lọ́nà tí ẹ̀rí ẹ̀ máa wà lọ́wọ́ yín.

Àwọn kan ń sọ pé tí wọ́n bá dá èèyàn padà, lẹ́yìn ọdún márùn-ún ó lè padà wá. Kò rí bẹ́ẹ̀ níbí. Ìwé ìdápadà Ireland ò ní ọjọ́ tó máa kú, ó wà títí Mínísítà á fi fagi lé e. Ẹni tó bá fúnra ẹ̀ lọ kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé yẹn, ìyẹn ò sí lọ́rùn ẹ̀, nítorí náà ẹ má gbójú kúrò lára ọ̀nà yẹn, àmọ́ torí pé ẹjọ́ wà ní kóòtù, ẹ bi lọ́yà kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ kan. Tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i, ọjọ́ 28 ló wà láti gbé Mínísítà lọ sí High Court, adájọ́ á wò ó bóyá ó tẹ̀lé òfin, kò ní bá a pinnu.

Agbára Mínísítà níbẹ̀ pọ̀ gan-an. Ní March 2005, wọ́n dá ọ̀dọ́kùnrin Nàìjíríà kan tó ń kàwé ní Palmerstown padà sí Èkó, ìdánwò àṣejáde sẹ́kọ́ńdìrì ẹ̀ (Leaving Cert) kù sí dẹ̀dẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì ẹ̀ jáde ṣe ìwọ́de, Michael McDowell tó jẹ́ Mínísítà nígbà yẹn yí ọ̀rọ̀ padà, ó fún un ní físà oṣù mẹ́fà kó wá jókòó ìdánwò ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni June 2025, odidi bàálù kan gbéra ní Dublin lọ sí Èkó, èèyàn 35 ló wà nínú ẹ̀, ọmọdé wà níbẹ̀. Ọ́fíìsì kan náà ló ṣe méjèèjì, ẹ ò sì lè mọ èyí tó máa bá àbúrò yín, ìyẹn ni fáìlì ẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ kún fún ẹ̀rí.

TD (aṣòfin ní Dáil) àdúgbò yín lè bá yín béèrè ibi tí fáìlì dé, ẹ lọ bá a, kò gba owó, àmọ́ kò lè bá yín pinnu. Ẹni tó bá ní òun mọ èèyàn ní Burgh Quay, ọ́fíìsì ìmígíréṣọ̀n, tó máa bá yín "sọ̀rọ̀", tó ń béèrè owó, ẹ sá fún un. Tí owó lọ́yà bá ni ìṣòro, ẹ pe Legal Aid Board tàbí FLAC tó ń gbani nímọ̀ràn òfin lọ́fẹ̀ẹ́, láàárọ̀ ọ̀la. Lọ́yà ẹjọ́ ìjà àti lọ́yà ìmígíréṣọ̀n, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹni méjì, wọn kì í sábà mọ ara wọn, ẹ̀yin lẹ máa fún ọ̀kan ní nọ́ńbà èkejì, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ẹnì kankan ò gbọdọ̀ fi lẹ́tà kan jáde kí ẹnìkejì tó kà á.